Gánmọ lẹ pè, Gánmọ ni kẹ́ ẹ gbé wa dé

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024, nígbà tí lítà epo bẹntiróòlù kan kọjá ₦1,000 nílùú Ìlọrin, ni mo ti pa mọ́tò mi tì sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé. Mọ́tò ò bàjẹ́ o. Agbára mi ni kò ká a mọ́. Láti Gánmọ tí mò ń gbé dé ibi iṣẹ́ mi, tí kò jìnnà sí Post Office nígboro Ìlọrin, àlọ àtàbọ̀ a máa mu tó lítà mẹ́rin, pàápàá lọ́jọ́ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wà lọ́nà. Ẹni tó bá ń da ₦4,000 sínú táǹkì lójoojúmọ́ kó tó lè lọ gba owó oṣù, ẹ bá mi bi í pé kí ló ń gbé délé.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ bú owó epo. Ẹnu ti bó lórí ìyẹn. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti búra tán tó sì ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kí la ò tíì wí? Ohun tí mo fẹ́ wí kò tó ìyẹn, àmọ́ ó sún mọ́ wa jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí àwọn awakọ̀ wa ń gé ni.

Ẹni tó bá ń wọ mọ́tò èrò ti mọ ohun tí mò ń sọ. Tẹ́lẹ̀, èèyàn á jókòó sínú takisí ní Gánmọ, ó di Post Office kó tó sọ̀. ₦400 ni mo ń san nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Wọn ò sọ fún wa rí pé owó ọkọ̀ ti lé sí i. Wọ́n kàn mú ọ̀bẹ, wọ́n là á sí méjì ni. Ní báyìí, tá a bá ti dé Ọ̀fà Gáréèjì lágbedeméjì ọ̀nà, dẹ́rẹ́bà á gbá mọ́tò dúró, á ní ibẹ̀ lòun ń lọ. ₦300 nìyẹn. Ẹ ó tún wá wọ òmíràn níbẹ̀ dé Post Office, ₦250. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: ₦550 lálọ, ₦550 lábọ̀. Tí iṣẹ́ bá jẹ́ ọjọ́ 22 lóṣù, ₦24,200 ni, dípò ₦17,600. Ẹni tó ń gba ₦70,000, owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lóṣù Keje ọdún 2024 ti kó ju ìdámẹ́ta rẹ̀ fún dẹ́rẹ́bà, kò sì tíì jẹun, kò tíì san owó iléèwé ọmọ.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan ló mú kí n gbé bírò. Awakọ̀ kan ń pe èrò ní Post Office, "Gánmọ! Gánmọ! Ó ku ẹnìkan!" Èmi ni mo di ẹnìkan náà. Iwájú ni mo jókòó sí, àwa méjì lórí àga ẹnìkan, tí ọ̀pá jíà wà láàárín orúnkún mi, tó jẹ́ pé nígbàkúùgbà tí dẹ́rẹ́bà bá fẹ́ yí jíà, ó di dandan kí n kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan wà lẹ́yìn, ó gbé ike wàrà tó ṣẹ́ kù lórí àtẹ lé itan. A dé Ọ̀fà Gáréèjì, mọ́tò dúró.

Ìyá ní, "Ọmọ mi, ṣé Gánmọ kọ́ lo pè ni?"

"Mo pè é, ìyá. Ẹ má bínú. Epo ti wọ́n."

Owó ṣénjì wá di ìjà kejì. Èmi fún un ní ₦500, ìyá fún un ní ₦500. Ó na ₦500 sí àwa méjèèjì pa pọ̀, ó ní ká lọ pín in. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Èèyàn méjì tí kò mọra rí, awakọ̀ á so yìgì wọn lójú títì nítorí owó ṣénjì. A kọ́kọ́ dúró síwájú ẹni tó ń ta káàdì ìpè, kò ní ṣénjì. Oníbúrẹ́dì ní a ò ra nǹkan. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Nígbẹ̀yìn, ìyá mú owó náà, ó fi ewé bo wàrà mẹ́rin fún mi, ó ní kí n máa lọ. Mi ò sì mọ̀ títí di òní bóyá èmi ni mo jẹ ẹ́ ní gbèsè tàbí òun ló jẹ mí.

Kí n má purọ́ mọ́ awakọ̀, mo bi í léèrè kó tó lọ. Ó ní, "Alhaji, láàárọ̀, gbogbo ayé ń lọ sígboro. Nírọ̀lẹ́, gbogbo ayé ń padà sílé. Tí mo bá gbé yín dé Gánmọ báyìí, ta ni mo fẹ́ gbé bọ̀? Afẹ́fẹ́ ni. Epo tí mo fi gbé èrò náà ni máa fi gbé afẹ́fẹ́." Ó tún ní òun ò ní mọ́tò, owó tí òun ń kó fún ẹni tó ni ín kì í dín lọ́jọ́ kankan, bẹ́ẹ̀ ni owó táyà àti ọ́ìlì ti gbẹ́nu sókè. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí létí. Ká gé e kúrú, ìrìn òfìfo ni bàbá ìṣòro náà.

Àmọ́ ibi tí mo ti bá a jà nìyí. Nígbà tí ilé ìfọpo Dangote dín owó epo kù lóṣù Kejì ọdún 2025, ó dín in kù lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan ṣoṣo, láti ₦950 sí ₦890, láti ₦890 sí ₦825 fún àwọn tó ń rà á lọ́pọ̀. Kò sí awakọ̀ kankan tó rántí pé Post Office ṣì wà lẹ́yìn Ọ̀fà Gáréèjì. Ọ̀nà tí wọ́n gé nígbà ọ̀wọ́n, wọn ò so ó pọ̀ nígbà tó dẹ̀.

Mo mọ̀ pé ìjọba ìpínlẹ̀ wa gbìyànjú kan. Lóṣù Kẹfà ọdún 2023, wọ́n dín ọjọ́ iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kù sí mẹ́ta lọ́sẹ̀ kí owó ọkọ̀ má baà pa wọ́n. Ó dáa. Ta ni yóò wá bá ìyá oníwàrà dín ọjọ́ kù? Ẹni tó ń pàtẹ ní ọjà Mandate tàbí Ọjà Ọba, ọjọ́ tí kò bá jáde, kò ní jẹ nǹkan. (Ti gáàsì CNG, èyí tí wọ́n ní kí ọkọ̀ máa lò dípò bẹntiróòlù, tí wọ́n ń pariwo ẹ̀ láti 2023, mi ò tíì wọ ọkọ̀ tó ń lò ó rí láàárín Gánmọ àti Post Office. Bóyá ọ̀nà ibòmíràn ló ń gbà. Ojú irin tó ti Ọ̀fà wọ Ìlọrin láti ayé òyìnbó sì ń bẹ níbẹ̀, síbẹ̀ mọ́tò ni òṣìṣẹ́ Ọ̀fà ń wọ̀ wá síṣẹ́.)

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ní gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn alága gáréèjì ló ń já tíkẹ́ẹ̀tì láràárọ̀, àwọn ni awakọ̀ ń bẹ̀rù ju ọlọ́pàá lọ. Kí wọ́n kọ iye owó ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sára pátákó, kó hàn ketekete, láti ibi tí ọkọ̀ ti gbéra dé ibi tó ń sọ èrò kalẹ̀. Tí ìrìn òfìfo ìrọ̀lẹ́ bá ń jẹ awakọ̀ níyà, ẹ jẹ́ ká fi ₦50 tàbí ₦100 kún ti ìrọ̀lẹ́ ní gbangba. Èmi á san ₦500 tayọ̀tayọ̀ dé ẹnu ọ̀nà Gánmọ ju kí n san ₦550, kí n sì dúró fún ogún ìṣẹ́jú nínú òkùnkùn ní Ọ̀fà Gáréèjì. Awakọ̀ tí kò bá fẹ́ dé Gánmọ, kó pe Ọ̀fà Gáréèjì, kí ẹni tó bá wù wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá sì pe Gánmọ tó sọ èrò kalẹ̀ lágbedeméjì, kó dá owó wọn padà, kí alága sì gba tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀.

Àwa èrò náà ò mọ́. Ọjọ́ yẹn, àwa mẹ́rin la sọ̀ kalẹ̀, ìyá yẹn nìkan ló la ẹnu. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, mo dákẹ́ títí ó fi ku èmi àti awakọ̀ kí n tó bi í léèrè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́jọ́ Ajé bó bá ṣeé ṣe. Mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn awakọ̀ ní ìtòsí Post Office máa ń ka ìwé ìròyìn yín lórí sitíárì nígbà tí wọ́n bá ń dúró de ẹnìkan tó kù.

Èmi ni,
Ẹni tó pa mọ́tò tì,
Gánmọ, Ìpínlẹ̀ Kwara.