Àṣàkẹ́, abẹ́rẹ́ tó gún ọ lọ́jọ́ Ajé

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Láti àárọ̀ ni mo ti ń pè ọ́, o ò gbé e. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí sórí WhatsApp. Bó ti wù kó gùn tó, kà á tán, jọ̀ọ́. Àbúrò rẹ ló sọ fún mi. Má bá a jà, èmi ni mo wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí mo rí i pé kò lè wò mí lójú.

Ó ní abẹ́rẹ́ gún ọ lálẹ́ ọjọ́ Ajé níbi tí o ti ń gba ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, pé o ò sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́, o sì ní kí n má gbọ́. Òní ti di Ọjọ́rú. Ìwọ náà kà á níwèé: oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ bá gúnni, láàárín wákàtí 72 la gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Alẹ́ ọ̀la ni wákàtí yẹn pé. Ṣé àsìkò yìí ló yẹ kí o máa wo fóònù níran?

Ara bàbá rẹ ti yá, orúnkún nìkan ló kù. Wọ́n ti tún òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣe. Eku ń dà wá láàmú ní kíṣìnì, mo ti da gbogbo gààrí sínú ike onídérí, torí ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, o sì mọ bí ibà Lassa ṣe máa ń ṣe ní Ọ̀wọ̀ níbí.

Ta ni aláìsàn náà? Ṣé ẹ ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò? Ṣé ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn lo fi fọ ojú ibẹ̀, àbí ò ń tẹ̀ ẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde, tàbí o da Jik sí i? Ọṣẹ àti omi ti tó. Àbúrò rẹ ní ìdérí lo fẹ́ dé padà sórí abẹ́rẹ́ nígbà tó gún ọ. Àṣàkẹ́! Ta ló kọ́ ọ níyẹn? A kì í dé abẹ́rẹ́ tí a ti lò. Inú àpótí rẹ̀ là ń jù ú sí lójú ẹsẹ̀, àpótí náà sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí ọwọ́ rẹ kí o tó gún aláìsàn rárá.

Má sunkún. Mo mọ̀ pé ìwọ nìkan lo wà ní wọ́ọ̀dù lóru. Mo mọ̀ pé ìbọ̀wọ́ kì í kárí, pé àpótí abẹ́rẹ́ a máa kún àkúnya kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ ò lè tán léèékánná. Ẹ̀bi ọ̀gá yín wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ara tìrẹ ni abẹ́rẹ́ wọ̀.

Nínú 1,000 èèyàn tí abẹ́rẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ HIV gún, nǹkan bíi 3 ló ń kó o, bí wọn ò tilẹ̀ lo oògùn. Mẹ́dọ̀wú B, àrùn ẹ̀dọ̀ tó ń ti inú ẹ̀jẹ̀ ranni, ló ń bà mí lẹ́rù jù. Òun lè mú tó 30 nínú 100 bí wọn ò bá gba àjẹsára, kòkòrò rẹ̀ sì lè wà lórí tábìlì gbígbẹ fún ọjọ́ 7. Àjẹsára rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta là ń gbà á. O gba méjì nílé ẹ̀kọ́, o ní owó ẹ̀kẹta ò sí. Mo ní owó yẹn lọ́wọ́ nígbà náà, Àṣàkẹ́. Aṣọ ẹbí ni mo fi rà.

Ohun kan sì wà tí mi ò sọ fún ọ rí. Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, èmi àti nọ́ọ̀sì kan jọ gbẹ̀bí lóru. Abẹ́rẹ́ tó fi ń rán ojú ara ìyá ọmọ náà gún un ní àtàǹpàkò, ó gba inú ìbọ̀wọ́ tí a ti fọ̀ tí a tún ń lò kọjá. Ẹ̀jẹ̀ tó jáde ò ju orí ìṣáná lọ. Ó wá bá mi nídìí omi, ó ní kí ni kí òun ṣe. Èmi ni àgbà lóru yẹn. Mo ní kó fọ̀ ọ́, kó má dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, torí àwọn ọ̀gá á bi mí nípa ìbọ̀wọ́ fífọ̀. Ó gbọ́ tèmi. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ojú rẹ̀ pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n, ikùn rẹ̀ wú. Wọ́n ní ẹ̀dọ̀ ni. Mi ò lè búra pé abẹ́rẹ́ yẹn ló fà á, mi ò sì lè búra pé òun kọ́. Mo gbé ọsàn lọ kí i, mi ò lè mẹ́nu kàn án títí wọ́n fi sin ín.

Ìyẹn ni mo ṣe jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà tí àbúrò rẹ ní o dákẹ́. Dókítà Ameyo Adadevoh, tí àwọn èèyàn ń fúngun mọ́ lọ́dún 2014 l'Ékòó pé kó jẹ́ kí aláìsàn Ebola yẹn máa lọ, kò gbà, kò sì dákẹ́. Ẹ̀mí rẹ̀ bá a lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn sì yè. Ìwọ tí wọn ò tíì ní kí o kú fún ẹnikẹ́ni, kí lo ń bò?

Bí wọ́n bá tìtorí ẹ̀ lé ọ lẹ́nu iṣẹ́, máa bọ̀ nílé. Àfẹ́sọ́nà rẹ ńkọ́? Sọ fún un lónìí. Ẹ máa lo rọ́bà títí àyẹ̀wò yóò fi parí. Bó bá tìtorí ìyẹn sá, kó máa sá lọ.

Owó ọkọ̀ àti ti àyẹ̀wò ti wọ àkáǹtì rẹ. Kọ ọ́ sílẹ̀ fún métírọ́ọ̀nù, fi ọjọ́ àti aago sí i. Ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà fún àyẹ̀wò, bó bá gbà. Lẹ́yìn náà, UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn, ni kí o kọrí sí lónìí yìí. Béèrè ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó ní HIV, sọ pé nọ́ọ̀sì ni ọ́, abẹ́rẹ́ gún ọ lálẹ́ ọjọ́ Ajé. Sọ̀rọ̀ àjẹsára mẹ́dọ̀wú tí o ò gbà pé náà. Ọjọ́ 28 ni wàá lo oògùn HIV yẹn. Inú lè máa rú ọ, má tìtorí ẹ̀ dá a dúró.

Bí métírọ́ọ̀nù bá bínú, fún un ní nọ́ńbà mi. Bí mi ò bá sì gbóhùn rẹ kó tó di aago mẹ́jọ alẹ́ òní, ọkọ̀ Ìbàdàn tó bá kọ́kọ́ gbéra láàárọ̀ ọ̀la ni mò ń wọ̀.

Èmi ìyá rẹ