Ìpè tó ń já ní ìṣẹ́jú-àáyá 32: ẹ wá tún iṣẹ́ yín ṣe

Ẹ̀ka Ìbàdàn,
Ring Road, Ìbàdàn.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà.

Ẹ̀yin ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ SIP TRUNK TÍ Ẹ FI SO PBX ÌBÀDÀN MỌ́ TI ÌKẸJÀ

PBX ni ẹ̀rọ tó ń pín ìpè fóònù nínú ọ́fíìsì; SIP trunk ni ọ̀nà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ìpè ń gbà láàárín PBX méjèèjì. A ti san owó iṣẹ́ yìí pé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, fóònù ò ṣeé lò. Bí Ìbàdàn bá pe Ìkẹjà, fóònù á dún, wọ́n á gbé e, àwa á máa gbọ́ wọn, àwọn ò ní gbọ́ wa. Tó bá sì di ìṣẹ́jú-àáyá 32 gẹ́lẹ́, ìpè á já. Ẹnjiníà yín ní íntánẹ́ẹ̀tì wa ló kéré, ẹ sì ti fi ìwé owó ráótà tuntun àti láìnì tó tóbi ránṣẹ́ sí wa. A ò ní san án. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìpè kan lórí G.711 (ọ̀nà kan láti sọ ohùn di dátà) ń jẹ nǹkan bíi 87 kbps (kílóbíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) ní lílọ, 87 ní bíbọ̀. Ìpè mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà ò tó 700 kbps, láìnì ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 20 Mbps, ìyẹn 20,000 kbps. Ká ní láìnì ló kéré ni, ohùn ì bá máa já kélekèle lápá méjèèjì, ìpè ì bá sì máa gé nígbà tó bá wù ú. Kò ní mọ 32 nìkan.

32 yẹn gan-an ló tú àṣírí. A fi tcpdump (irinṣẹ́ tó ń ká ohun tó ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ká ìpè kan sílẹ̀, fáìlì náà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ìbàdàn fi INVITE (ìbéèrè ìpè) ránṣẹ́, Ìkẹjà fi 200 OK (“a ti gbé e”) dáhùn. Ẹ wo ìlà Contact, àdírẹ́sì tí èsì yóò máa lọ sí, nínú 200 OK náà: 192.168.1.10. Àdírẹ́sì inú ilé Ìkẹjà nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè gba orí íntánẹ́ẹ̀tì débẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé 192.168.1 ni Ìbàdàn náà ń lò, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà níbi ìgbàlejò ló sì ń jẹ́ 10 lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yẹn ni PBX wa ń fi ACK (ìjẹ́rìí pé 200 OK ti dé) ránṣẹ́ sí. Nígbà tí Ìkẹjà ò rí ACK gbà, ó tún 200 OK fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, lẹ́yìn ọ̀kan, lẹ́yìn méjì, lẹ́yìn mẹ́rin, ó wá ń fi mẹ́rin-mẹ́rin sáàárín. Ẹ kà á pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, mọ́kànlá ni. RFC 3261, ìwé ìlànà SIP, ní kó dúró fún ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá lọ́nà 64, ìyẹn 32, lẹ́yìn náà ó fi BYE pa ìpè.

Ibì kan náà ni ohùn ń sọnù sí. Ìlà c= nínú SDP Ìkẹjà (apá tó ń sọ ibi tí kí a fi ohùn ránṣẹ́ sí) tún ń pe 192.168.1.10, nítorí náà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé là ń bá sọ̀rọ̀. SDP ti Ìbàdàn gbé àdírẹ́sì ìta, ìdí nìyẹn tí àwa fi ń gbọ́ wọn. Bí Ìkẹjà bá ló pè wá, ìpè kì í já ní 32, ṣùgbọ́n bí àwa bá gbé fóònù sílẹ̀, tiwọn ò ní mọ̀: BYE wa náà ti bá ọ̀nà kan náà lọ.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣe kò la ríra nǹkan kan lọ. Nínú PBX Ìkẹjà, ní ojú ewé NAT (níbi tí a ti ń yí àdírẹ́sì inú ilé padà sí ti ìta), òfìfo ni àyè àdírẹ́sì ìta wà. Ẹ fi àdírẹ́sì ìta Ìkẹjà síbẹ̀. Ẹ pa SIP ALG, iṣẹ́ ráótà tó ń yí ọ̀rọ̀ SIP padà, nínú ráótà méjèèjì. Ẹ ṣí pọ́ọ̀tù RTP Ìkẹjà (ọ̀nà tí ohùn ń gbà) wọlé sí PBX, kì í ṣe 5060, pọ́ọ̀tù SIP, nìkan. Nínú Asterisk, sọ́fíwià PBX Ìbàdàn, ẹ fi direct_media=no (kí ohùn máa gba inú PBX) àti rtp_symmetric=yes (kí ohùn máa padà síbi tó ti wá) sí endpoint, ìyẹn ètò trunk náà. VPN (ọ̀nà àdáni lórí íntánẹ́ẹ̀tì) tí ẹnjiníà yín tún dábàá dára, ṣùgbọ́n kò lè ṣiṣẹ́ bí ẹ̀ka méjèèjì bá ṣì ń jẹ́ 192.168.1. Ẹ kọ́kọ́ yí ọ̀kan padà.

Ọ̀rọ̀ 5060 ń bà wá lẹ́rù. Ẹ ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé, REGISTER (ìbéèrè láti forúkọ fóònù sílẹ̀) láti àdírẹ́sì tí a ò mọ̀ sì kún inú lọ́ọ̀gì. Ọjọ́ tí gbájúẹ̀ kan bá mọ páswọ́ọ̀dù ẹyọ kan, ìpè òkè òkun ni yóò máa pè, orí wa ni bíìlì á já lé. Àdírẹ́sì ẹ̀ka méjèèjì nìkan ni kí ẹ jẹ́ kó wọlé.

Lẹ́yìn tí ohùn bá tún ṣe, “tẹ 1 fún ìṣirò owó” ò ní ṣiṣẹ́ síbẹ̀: inband (nọ́ńbà tí a tẹ̀ tó ń bá ohùn lọ) ni Ìkẹjà ń retí, RFC 4733 (nọ́ńbà tó ń lọ lọ́tọ̀ bíi kódù) ni Ìbàdàn ń fi ránṣẹ́. Ẹ fi méjèèjì sí RFC 4733, kí ẹ sì gbé alaw (irú G.711 kan) síwájú G.729 (èyí tó ń fún ohùn pọ̀). Ti nọ́ńbà, ẹ ṣe é dáadáa. 7 tí à ń tẹ̀ ṣáájú ń yọ bó ṣe yẹ, fóònù 201 ti ibí ò sì dàrú mọ́ 201 ti ọ̀hún.

Ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún la fún yín. Kí ẹ fagi lé ìwé owó yẹn. Nígbà ìdánwò, kí a pè láti ìhà méjèèjì, kí ìpè kọ̀ọ̀kan kọjá ìṣẹ́jú 15, torí pé 1800 ìṣẹ́jú-àáyá ni session timer (àkókò tí PBX fi ń yẹ̀ ẹ́ wò pé ìpè ṣì ń lọ), ìdajì rẹ̀ ni wọ́n ti ń tún un ṣe, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe Contact tún lè ti yọjú. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ dá owó iṣẹ́ wa padà.

Tiyín ní tòótọ́,
Alábòójútó Ẹ̀rọ Ìbánisọ̀rọ̀,
Ẹ̀ka Ìbàdàn.