Ẹ̀gẹ́ kì í gbó lóṣù kan

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́.

Ìlànà ìjọba lórí oúnjẹ lè yí láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀gẹ́ sì rèé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọdún kan nílẹ̀ kó tó gbó. Lásìkò Olóyè Ọbásanjọ́, wọ́n ní kí ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ kó ìdá 10 nínú 100 ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀, ìjọba Jonathan tún gbé e dìde ní 2012. Ní oṣù Keje 2024 ẹ̀wẹ̀, wọ́n kéde pé fún 150 ọjọ́, àwọn ò ní gba owó ibodè lórí àgbàdo tí wọ́n bá kó wọlé láti òkè òkun. Àgbàdo tí wọ́n gbìn sáàárín ẹ̀gẹ́ ní Ọ̀dẹdá lóṣù Kẹrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ lórí ìdúró ni!

Kí àgbẹ̀ má gbin gbogbo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà mọ́. Ẹni tó ní éékà mẹ́ta, kó gbin ọ̀kan lóṣù Kẹrin, ọ̀kan lóṣù Kẹfà, èyí tó kù níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Bí a bá fi mítà kan sáàárín igi kan sí èkejì, éékà kan á gba nǹkan bí 4,000 igi ẹ̀gẹ́, tí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25. Àárín ọ̀pá tó ti gbó ni ká ti gé e. Ṣóńṣó òkè rọ̀ jù, oòrùn á pa á. Bí owó ọjà bá já wálẹ̀, ẹ̀gẹ́ lè dúró nílẹ̀ díẹ̀ sí i, àmọ́ bó bá fi lè kọjá oṣù 18, okùn inú rẹ̀ á le, kò ní ṣeé rin.

Ká sì mọ ẹni tí a fẹ́ tà á fún ká tó hú u. Ìyẹ̀fun búrẹ́dì ò gbọdọ̀ kan rárá: ọjọ́ tí a hú u náà la gbọ́dọ̀ bó o, ká fọ̀ ọ́, ká rin ín, ká fún un, kó sì gbẹ. Bó bá fi rírin sùn mọ́jú, òórùn láfún á wọ inú búrẹ́dì, ẹni tó fẹ́ rà á á dá a padà. Bí ọkọ̀ ò bá dé títí di ọjọ́ kejì, ẹ má dúró kí ìlà dúdú tó yọ nínú rẹ̀. Ẹ bó o, ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin títí á fi rọ̀, ẹ fún un, ẹ sá a. Láfún kì í pẹ́ lọ́wọ́ l'Abẹ́òkúta wa níbí. Lásìkò òjò, ẹ yáa yan gaàrí, torí láfún tí kò rí oòrùn á bu.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí ìjọba ni pé kí wọ́n kéde ìlànà tuntun kó tó di oṣù Kejì, nígbà tí a ń ṣánlẹ̀ tí a sì ń wá igi ẹ̀gẹ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn ò ní yí i padà kó tó pé oṣù 12.

Àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́,
Abẹ́òkúta.