Tètè béèrè, ọmọ mi

Àbẹ̀ní ọmọ mi,

Nígbà tí a sọ̀rọ̀ lálẹ́ àná, o ní ara rẹ le, o ní kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo bí ọ, mo mọ ohùn rẹ nígbà tó o bá ń pa ẹkún mọ́ra. Ìgbà tó yá lo tó sọ ọ́ jáde pé gbogbo àwọn tẹ́ ẹ jọ wà ní kíláàsì ní yunifásítì ló mọ ohun tí olùkọ́ ń sọ, ìwọ nìkan ni kò yé.

Àbẹ̀ní, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń mi orí ní kíláàsì bí ẹni pé ó yé wọn yẹn, ẹ̀rù ń bà wọ́n bíi tìrẹ. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé àwọn ló ń ṣe ipò kìíní níbi tí wọ́n ti wá, ojú sì ń tì wọ́n láti sọ pé ohun kan rú àwọn lójú. Ohun tí ìwọ ń fi pa mọ́ fún wọn ni àwọn náà ń fi pa mọ́ fún ọ.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó o ṣe: tètè béèrè. Olùkọ́ máa ń dá àkókò sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ọ̀pọ̀ kì í sì yọjú síbẹ̀ àfi tí ìdánwò bá dé tán. Ìwọ lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Má lọ sọ pé gbogbo ẹ̀ ni kò yé ọ, torí kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ṣí ìwé rẹ, fi ìka lé ìlà náà gan-an, kó o ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, títí dé ibí ó yé mi, ìhín ló ti dàrú mọ́ mi lójú.” Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ìdí tí mo fi ń sọ pé kó o tètè ṣe é ni pé ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, èsì ọdún àkọ́kọ́ máa ń bá èèyàn dé ọjọ́ tó máa jáde. Bí ìpíndọ́gba máàkì rẹ (GPA) bá jẹ́ 2.0 ní sáà àkọ́kọ́, tó o wá tiraka ní 4.0 ní sáà kejì, tí iye yúníìtì (ìwọ̀n bí kọ́ọ̀sì ṣe wúwo tó) ní sáà méjèèjì sì dọ́gba, 3.0 ni wọ́n máa kọ fún ọ. Tún wo yúníìtì kọ̀ọ̀kan dáadáa. Kọ́ọ̀sì oní-yúníìtì 3 wúwo ní ìlọ́po mẹ́ta ju oní-yúníìtì 1 lọ. Kò dùn mọ́ mi pé èyí tó kéré jù lo ń fi òru kà torí pé òun ló rọrùn.

Ní ti ìwé kíkà, ọkùnrin ará Jámánì kan wà, Hermann Ebbinghaus, tó fi ara rẹ̀ dán ìrántí wò, tó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1885. Ó rí i pé kí ọjọ́ kan tó pé, ohun tó pọ̀ jù nínú ohun tó há sórí ti lọ, àti pé kíkà á díẹ̀díẹ̀ lọ́jọ́ púpọ̀ sàn ju kíkà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ́ nǹkan, pa ìwé rẹ dé, mú òfìfo tákàdá, kọ ohun tó o bá rántí sílẹ̀. Ibi tí bíírò bá dúró sí ni kó o lọ kà. Lẹ́yìn náà, lọ sùn.

Bí alájọgbé rẹ bá ń tan iná títí di ọ̀gànjọ́, sọ fún un nígbà tí inú rẹ ṣì dùn sí i. Má jẹ́ kó di ìjà kó o tó la ẹnu.

Mo mọ̀ pé ó wù ọ́ kó o máa wálé ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Ó wu èmi náà jù ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n òpin ọ̀sẹ̀ ni ọwọ́ àwọn èèyàn máa ń dilẹ̀, tí wọ́n ń di ọ̀rẹ́ ara wọn. Tó o bá ń sá wálé nígbà yẹn, ibẹ̀ ò ní mọ́ ọ lára láéláé. Dúró ná, ó kéré tán títí di ìsinmi àkọ́kọ́.

Àmọ́ bó bá di pé oúnjẹ ò lọ, oorun ò wá, tí ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀ tó o kò lè dìde lọ sí kíláàsì, ìyẹn ti kọjá àárò ilé. Lọ rí dókítà tàbí olùdámọ̀ràn tó wà nínú ọgbà yín, kó o sì pè mí. Má wo aago kó o tó pè mí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ