Oyèlọ́wọ̀ ju ọ̀rọ̀ Oscar lọ

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí òṣèré David Oyèlọ́wọ̀, inú mi sì dùn pé ẹ rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹjọ́ Oscar, àmì-ẹ̀yẹ fíìmù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lẹ ń rò: pé lọ́dún 2015, lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ tó ṣe gẹ́gẹ́ bíi Martin Luther King, ajàfẹ́tọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, nínú fíìmù Selma, wọn ò ka orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn òṣèré tó ń du àmì-ẹ̀yẹ náà. Òótọ́ ni, ó sì dun èmi náà. Ogún òṣèré ni wọ́n yàn lọ́dún yẹn, kò sí aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo nínú wọn. Àmọ́ bí a bá fẹ́ sọ ìtàn iṣẹ́ ọkùnrin yìí, ibẹ̀ kọ́ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ kọ́ ló sì yẹ ká parí rẹ̀ sí.

Stratford ni kí ẹ lọ. Ìlú tí wọ́n bí Shakespeare sí ni, ibẹ̀ náà sì ni ẹgbẹ́ òṣèré Royal Shakespeare Company fìdí kalẹ̀ sí. Lọ́dún 2000, Michael Boyd, olùdarí eré, mú ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún kan tí kò tíì pẹ́ tó jáde nílé ẹ̀kọ́ṣẹ́ òṣèré LAMDA ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ní kó wá ṣe Ọba Henry Kẹfà. Wọn ò fi adé ọba Gẹ̀ẹ́sì lé òṣèré aláwọ̀ dúdú lórí rí nínú eré Shakespeare ní irú ilé ńlá bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ráhùn. Boyd ò yí ìpinnu rẹ̀ padà.

Eré mẹ́ta gbáko ni Shakespeare kọ lórí Henry yìí o. Ọba tó gorí oyè lọ́mọ ọwọ́, tí àwọn ìjòyè ń tì síwá tì sẹ́yìn, tó jẹ́ pé àdúrà ló mọ̀ ọ́n gbà ju ogun jíjà lọ, tí wọ́n gba adé lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n wá pa á sátìmọ́lé. Ẹni tó bá mọ ìtàn Baṣọ̀run Gáà àti àwọn Aláàfin ayé rẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ eré yẹn fún un. Ilé ọba Awẹ́, nítòsí Ọ̀yọ́, sì ni baba Oyèlọ́wọ̀ ti wá. Òun fúnra rẹ̀, Oxford ni wọ́n bí i sí, Èkó ló gbé láti ọmọ ọdún mẹ́fà títí di mẹ́tàlá. Iṣẹ́ Henry yẹn ló fi gba àmì-ẹ̀yẹ Ian Charleson, èyí tí wọ́n máa ń fún òṣèré tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún tó bá ta yọ nínú àwọn eré àtayébáyé. Ẹ ò mẹ́nu kan án rárá.

Kí ló dé tí mo fi ń yọ ara mi lẹ́nu lórí èyí? Torí pé ohun tí a rí nínú Selma, orí ìtàgé ló ti kọ́ ọ. Òṣèré orí ìtàgé kò ní àǹfààní pé kí wọ́n dá kámẹ́rà dúró kí òun tún ọ̀rọ̀ sọ. Ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé etí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá, èémí rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ tán kí gbólóhùn tó tán. Ẹ wá wo Selma. Ìwàásù àti ọ̀rọ̀ ìta gbangba tí Dókítà King sọ gan-an kò sí nínú fíìmù yẹn, nítorí ilé iṣẹ́ mìíràn ti gba ẹ̀tọ́ lórí wọn. Ava DuVernay, olùdarí rẹ̀, ló kọ òmíràn rọ́pò wọn. Ọ̀rọ̀ tí King kò sọ rí ni Oyèlọ́wọ̀ dúró sórí àga ìwàásù tó ń sọ, ọ̀pọ̀ wa sì jókòó, a ń mi orí, a rò pé a ti gbọ́ ọ rí. Lójú tèmi, ẹni tí kò bá tíì fi ewì Shakespeare gbé ilé eré dúró kò lè ṣe irú ẹ̀.

Láàárín Henry àti Selma, ó ṣe Spooks, eré àwọn amí, lórí tẹlifíṣọ̀n BBC láti 2002 sí 2004, ó kó lọ sí Los Angeles lọ́dún 2007, ó sì ṣe oríṣiríṣi ipa kéékèèké tí mi ò ní to lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ kọ àwọn yẹn dáadáa.

Ohun tí ẹ fò ni pé ó padà sórí ìtàgé. Lọ́dún 2016, nígbà tí orúkọ rẹ̀ ti kárí ayé, ó lọ ṣe Othello, eré Shakespeare, ní New York Theatre Workshop, ilé eré tó gba nǹkan bí igba èèyàn. Daniel Craig, James Bond ìgbà yẹn, ni wọ́n jọ ṣe é, bí Iago, ọ̀dàlẹ̀ tó tan Othello jẹ. Wọ́n fi pákó kan gbogbo inú ilé náà bíi bárékè sójà, àwọn òǹwòran sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Kò sẹ́ni tó ń torí owó lọ síbẹ̀. Lọ́dún 2024, ó tún wọ National Theatre ní Lọ́ńdọ̀nù, gbọ̀ngàn Olivier tí ìjókòó rẹ̀ lé ní 1,000, láti ṣe Coriolanus, eré Shakespeare mìíràn: ọ̀gágun Róòmù tó mọ ogun í jà, àmọ́ tí kò lè rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ láti bẹ aráàlú kí wọ́n fọwọ́ sí i. (Àwọn olóṣèlú tiwa ò ní ìṣòro yẹn. Wọ́n mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀ títí ìbò á fi parí.)

Àwọn kan á ní Oscar ló ń mú owó wá, pé ta ló ń wo eré orí ìtàgé mọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Hubert Ògúndé ti lo ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún lórí ìtàgé kó tó ya fíìmù àkọ́kọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń fi àmì-ẹ̀yẹ díwọ̀n rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Àwọn òǹkàwé yín wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, bọ́ọ̀sì kan ló sì gbé èèyàn láti ibẹ̀ dé tòsí National Theatre. Nígbà tí Oyèlọ́wọ̀ bá tún gun orí ìtàgé, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ọ̀kan nínú wọn, kó jókòó sẹ́yìn pátápátá, kó wá sọ fún wa bóyá ó gbọ́ ohùn rẹ̀.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Ìbàdàn