Sí Àkànní, Lórí Ìwé Tí O Fẹ́ Pa Tì

Àkànní ọmọ mi,

O ní Foundation, ìwé ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì tí Isaac Asimov kọ, ti sú ọ, pé ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, pé bí o bá ti ń mọ ẹnì kan báyìí ni òǹkọ̀wé á fo ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Òótọ́ ni. Ìtàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó ti ń jáde nínú ìwé ìròyìn láti 1942 ni wọ́n kó jọ di ìwé ní 1951. Síbẹ̀, jọ̀wọ́, má tíì pa á dé.

Ìbéèrè kan ni Asimov ń tọ́ dàgbà níbẹ̀: bí ìṣirò bá lè sọ ibi tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń lọ, ṣé a lè sọ 30,000 ọdún ìdàrúdàpọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìṣubú ìjọba ńlá kan di 1,000 péré? Ìbéèrè yẹn ni kí o máa tọpa. Ta ló fẹ́ bà á jẹ́? Ibo ló ti fẹ́ já?

Bó bá ṣì le, kọ́kọ́ lọ ka "Nightfall", ìtàn kúkúrú tó gbé jáde ní 1941. Oòrùn mẹ́fà ló ń ràn lé ayé kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré láàárín 2,049 ọdún ni ilẹ̀ ń ṣú níbẹ̀. Bí o bá ti ka ìyẹn, dáwọ́ dúró. Ẹni tí kò rí òru rí, kí ni yóò ṣe? Ṣé ó tilẹ̀ mọ̀ pé ìràwọ̀ wà? Kọ ìdáhùn tìrẹ sílẹ̀ kí o tó ṣí ojú ewé tó kàn. Ẹni tó bá sáré ka irú ìtàn yìí ti pàdánù rẹ̀, nítorí ìgbà tí o bá dúró ronú ni ìtàn náà ń ṣẹlẹ̀.

Òǹkọ̀wé Hal Clement náà dára. Nínú Mission of Gravity, òòfà tó ń fa nǹkan wálẹ̀ nínú ayé tí ó fi èrò rẹ̀ dá tó ìlọ́po 700 ti ayé wa ní ìpẹ̀kun ayé náà. Àwọn ẹ̀dá ibẹ̀ pẹlẹbẹ, ẹsẹ̀ wọn pọ̀, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n bí ohunkóhun bá wà lókè orí wọn, nítorí bó bá jábọ́, á tẹ̀ wọ́n pa. Rò ó wò ná: ìbẹ̀rù wọn gan-an ti inú ìṣirò wá!

Fi Last and First Men ti Olaf Stapledon sí ìkẹyìn. Bílíọ̀nù méjì ọdún ló rò níbẹ̀, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí o máa bá kẹ́dùn.

Má sì gbè wọ́n ju bó ti yẹ lọ. Obìnrin kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú Foundation yẹn, ó sì ń dùn mí. Èrò ńlá kò ní kí a má rí àwa obìnrin. Máa ka ìwé tó mọ ọkàn ènìyàn mọ́ ọn.

Fi ìdáhùn rẹ lórí òru yẹn ránṣẹ́ sí mi kí o tó ka ìparí.

Ìyá rẹ.