Ẹ má sọ súpámákẹ́ẹ̀tì tó ṣófo di gbọ̀ngàn àríyá

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ọ̀rọ̀ ilé ìtajà ìgbàlódé tí mo ti ń ta aṣọ ọmọdé níbí l'Abẹ́òkúta ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé jáde. Súpámákẹ́ẹ̀tì tó gba ìsàlẹ̀ ilé náà ti kó lọ. Wọ́n ti ilẹ̀kùn irin, wọ́n fi agádágodo há a. Bí ẹ bá fojú mọ́ gíláàsì, ẹ ó rí kẹ̀kẹ́ tí a fi ń kó ọjà tí wọ́n so pọ̀ mọ́ ara wọn, eruku ti bò wọ́n. Owó búrẹ́dì ṣì wà lára ògiri, iye tí ẹnikẹ́ni ò lè rí búrẹ́dì rà mọ́.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ilé ìtajà ńlá Game kógbá sílé kúrò ní Nàìjíríà ní 2022. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ra súpámákẹ́ẹ̀tì Shoprite tó wà nílẹ̀ wa ní 2021, síbẹ̀ wọ́n ti ẹ̀ka Kánò pa ní oṣù kìíní 2024. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ ní 2023, ọjà tí wọ́n ń fi dọ́là kó wọlé kọjá agbára aráàlú. Ní oṣù kẹrin 2024, owó iná Band A, ìyẹn ti àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́, fò dé náírà 225 fún yúníìtì kan. Ẹni tó ń ra mílíìkì alágolo tẹ́lẹ̀ ti padà sí ọjà Kútọ̀ lọ ra èyí tó wà nínú ọ̀rá.

Ohun tí ẹni tó ń kọjá ò mọ̀ ni bí irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Súpámákẹ́ẹ̀tì ló ń pe èrò, nítorí náà onílé a máa dín owó fún un. Àwa oníṣọ́ọ̀bù kéékèèké là ń san owó gọbọi, torí a gbà pé ẹni tó wá ra búrẹ́dì yóò yà lọ́dọ̀ wa. Bó ti lọ, èrò bá a lọ. Ṣùgbọ́n owó dísẹ́ẹ̀lì, owó ẹ̀ṣọ́ àti ti agbálẹ̀ tí gbogbo wa jọ ń dá ò lọ. Àwa tó kù la ń pín in. Bí ẹnì kan bá tún kó lọ, ìpín tiwa á lé sí i, ìyẹn á sì lé ẹlòmíràn jáde. Aránṣọ tó kọjú sí mi ti lọ. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe tẹ̀lé e.

Onílé wá ní òun fẹ́ sọ àyè náà di gbọ̀ngàn àríyá. Mo mọ̀ pé owó wà níbẹ̀, Ẹ̀gbá kì í fi òde ṣeré. Ṣùgbọ́n Sátidé lòde. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ojú ara wa la ó máa wò. Ní Sátidé náà, mọ́tò àwọn tó wá sóde á gba gbogbo ibi ìgbọ́kọ̀sí, oníbàárà tiwa ò ní ríbi yà sí.

Kí wọ́n gé àyè náà sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n fún àwọn aládìrẹ. Ẹ lọ wo ọjà àdìrẹ Ìtòkú bójò bá ń rọ̀, bí àwọn ìyá ṣe ń sáré fi ọ̀rá bo kàm̀pálà. Àlejò tó bá gun Àpáta Olúmọ tàbí tó bọ́ sílẹ̀ nínú rélùwéè ní Laderin ń wá àdìrẹ gidi, ṣùgbọ́n ayédèrú tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà ló máa ń kọ́kọ́ bá pàdé. Bó bá rí ìyá tó fi ìyẹ́ adìyẹ ń ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ funfun níṣojú rẹ̀, ta ló tún fẹ́ tàn án jẹ? Kí aró fúnra rẹ̀ dúró sí agboolé wọn, torí omi àti òórùn. Igun kan lè jẹ́ ti àwọn tó ń ṣe NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ojoojúmọ́ làwọn èèyàn ń wá ìyẹn.

Ṣùgbọ́n oṣooṣù ni kí wọ́n máa gbowó. Aládìrẹ wo ló lè kó owó ọdún méjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan?

Mo bẹ onílé, kó tó buwọ́ lu ìwé gbọ̀ngàn, kó pe àwa tó kù àti àwọn ìyá Ìtòkú jókòó. Kó ṣí ìdajì àyè náà fún oṣù mẹ́fà. Bí kò bá mówó wọlé, kó wá kọ́ gbọ̀ngàn rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Aláṣọ ọmọdé, Abẹ́òkúta